Iye Tí Onílé Ń San, Iye Tí Àlejò Ń San: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Pápá Ìṣeré

Alága ìjókòó yìí, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín wá síbi ọ̀rọ̀ àsọyé, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfiyèsí. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn kóra jọ sọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn tó ń ti èkejì lẹ́yìn sì fi ọwọ́ òsì ṣe ibùdó. Kò burú. Ó kàn dùn mọ́ mi pé kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà láti gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé.

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí n wá dáhùn dà bí èyí tó rọrùn. Ènìyàn méjì ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ onílé, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tó ni pápá ló ń tì lẹ́yìn. Èkejì jẹ́ àlejò, ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá láti ìlú mìíràn. Ṣé iye kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì san? Bí kò bá jẹ́ iye kan náà, ta ló yẹ kí ó san ju ẹnì kejì lọ, kí sì ni ìdí rẹ̀? N kò ní fi èrò tèmi pamọ́ di ìparí. Èrò mi ni pé ẹgbẹ́ onílé kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ àlejò ju èyí tí ó ń gbà lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ fún ìjókòó tó bára mu. Pé ó yẹ kí ààlà kan wà tí owó àlejò kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àti pé agbára láti fa ààlà náà kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé rárá. Ẹ̀kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Kì í ṣe gbogbo eré ìdárayá ló ní ìṣòro yìí. Nínú rọ́gbì, bí Ireland bá lọ bá Wales, ẹni tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti ẹni tó wọ aṣọ pupa a máa jókòó pọ̀ lórí ìlà kan náà, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí eré yóò fi parí. Níbẹ̀, ìjókòó ló ní iye. Ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ kò ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló gba ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjà gbilẹ̀ láàrin àwọn alátìlẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àlejò sọ́tọ̀: ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, igun tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọlọ́pàá sì dúró láàrin òun àti onílé. Ààbò ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, n kò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ fún àlejò náà ni ẹni tó ni pápá rí àyè láti kọ iye tó bá wù ú sára igun náà.

Ẹ wò ó dáadáa. Onílé tí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ti ga jù fún lè lọ ra ìjókòó tó rẹlẹ̀ ní iye, ó sì lè fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tòní sílẹ̀ kí ó dúró de tọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àlejò kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Igun kan ni wọ́n yà fún un, ọjọ́ kan ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yẹn ní gbogbo sáà líìgì. Ó dà bí ẹni tó dé etí odò tó bá ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo níbẹ̀: iye tí ọlọ́kọ̀ bá pè ni yóò san, tàbí kí ó padà sílé. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà sì mọ̀ pé àlejò kò ní padà sílé, nítorí pé ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ débi pé ó ti sanwó ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá kò ní tìtorí pọ́n-ùn mẹ́wàá yí padà. Ìfẹ́ tí ó ní sí ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ kò pín owó ìwọlé mọ́. Òótọ́ ni pé títí di ọdún 1983, nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé a máa yọ ìpín kan fún ẹgbẹ́ àlejò nínú owó ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni onílé ti ń kó gbogbo rẹ̀ sápò. Nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń yọ ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìpín àlejò sínú àpò kan tí wọ́n ń pín dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé kí ni ìyẹn ṣe fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kò ṣe nǹkankan. Àwọn ẹgbẹ́ ló ń pín owó náà láàrin ara wọn. Ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ṣéńjì gbà padà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ fi kún un pé iye owó kò fìgbà gbogbo rí bí ó ti rí lónìí. Lẹ́yìn àjálù pápá Hillsborough ní Sheffield ní oṣù kẹrin ọdún 1989, níbi tí èrò ti há mọ́ra, tó sì gba ẹ̀mí ènìyàn 97, Adájọ́ Taylor tó ṣèwádìí rẹ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1990, ó sì dámọ̀ràn pé kí gbogbo ènìyàn máa jókòó wòran ní àwọn pápá ńláńlá. Ó mọ̀ pé ẹ̀rù yóò máa ba àwọn ènìyàn pé ìjókòó yóò gbówó lórí, ó sì fi pápá Ibrox ní Glasgow ṣe àpẹẹrẹ, níbi tí ìjókòó ti jẹ́ pọ́n-ùn 6 tí ìdúró sì jẹ́ pọ́n-ùn 4. Ìjókòó ni àwọn ẹgbẹ́ mú nínú ìmọ̀ràn náà. Ti iye owó, wọn kò gbọ́.

Mo fẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2013, Manchester City lọ bá Arsenal ní pápá Emirates ní Lọ́ńdọ̀nù. Pọ́n-ùn 62 ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò. Tíkẹ́ẹ̀tì 3,000 ni wọ́n fún City, City sì dá 912 padà nítorí pé àwọn ènìyàn wọn kò rà á. Ẹ má sì gbàgbé pé City ló gba ife ẹ̀yẹ líìgì ní sáà tó ṣáájú. Kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù sú àwọn alátìlẹ́yìn wọn. Àwọn tó lọ gbé báńnà kan dání tí wọ́n kọ iye náà sí, tí wọ́n sì fi ń béèrè pé níbo ni yóò dúró sí. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá gbà á kúrò. Nígbà tí eré parí tí City ti fi góòlù méjì sí òdo borí, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ká ọ̀kan lára àwọn igbákejì rẹfirí mọ́ ibi tó ti ń rán àwọn agbábọ́ọ̀lù City létí pé pọ́n-ùn 62 ni àwọn tó wà lọ́hùn-ún san, kí wọ́n lọ kí wọn.

Ibi tí mo ń lọ rèé o. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé Arsenal kò rú òfin kankan lọ́jọ́ náà? Òfin Premier League ti wà tipẹ́ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ àlejò ju èyí tí ará ilé ń san fún irú ìjókòó kan náà lọ, pé kí ẹ̀dínwó tí ó ń fún ọmọdé àti arúgbó ilé rẹ̀ sì kan tàlejò náà. Onílé tó jókòó síbi tó bá tàlejò dọ́gba san pọ́n-ùn 62 náà. Ìdọ́gba wà níbẹ̀. Ṣé ẹ wá sọ pé ìwà ẹ̀tọ́ náà wà níbẹ̀?

Ohun tó fa pọ́n-ùn 62 yẹn ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sí ìsọ̀rí. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá ń bọ̀, owó á rẹlẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ńlá bá ń bọ̀, owó á gòkè. Onílé máa ń rí ìsọ̀rí gbogbo láàrin sáà: ó lè fo èyí tó wọ́n, kí ó lọ wo èyí tó rọ̀. Ṣùgbọ́n alátìlẹ́yìn City, tàbí ti Liverpool, tàbí ti Manchester United, ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni ó ń bá pàdé níbi gbogbo tó bá dé, torí pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ohun tó sọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà di ìsọ̀rí kìn-ín-ní. Iye kan náà ni wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì onílé àti tàlejò ní ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ní òpin sáà, owó tó jáde lápò àlejò yàtọ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ìdọ́gba nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ààlà.

Ìjókòó tó bára mu pàápàá ń kọ́? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹni tó bá ti jókòó sí igun àlejò ní Goodison Park, pápá tí àwọn ọkùnrin Everton lò títí di ọdún 2025, á rò pé torí òun ni wọ́n ṣe pa òwe náà: ìjókòó onígi, àti òpó irin tó dúró gbọnin láàrin ojú rẹ̀ àti ilé góòlù. Ní St James' Park ní Newcastle, òkè téńté ni wọ́n ń fi àlejò sí, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, títí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù á fi dà bí èèrà nísàlẹ̀. Lójú tèmi, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdọ́gba, kí a kọ́kọ́ lọ jókòó síbẹ̀ ná.

Ohun tó tẹ̀ lé e dára láti rántí. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 yẹn kan náà, Football Supporters' Federation, tó jẹ́ àjọ àwọn alátìlẹ́yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Twenty's Plenty, wọ́n ní ogún pọ́n-ùn ti tó fún àlejò. Láti sáà tó tẹ̀ lé e, Premier League ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ya pọ́n-ùn 200,000 sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti fi ran àwọn alátìlẹ́yìn tó ń rìnrìn-àjò lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn ẹgbẹ́ fẹnu kò pé láti sáà 2016 sí 2017, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò kò gbọ́dọ̀ kọjá pọ́n-ùn 30 ní pápá èyíkéyìí. Kì í ṣe ogún tí wọ́n béèrè, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí 62.

Mo ti dé ibi tí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí mi. Ẹ ó ní, ọ̀gbẹ́ni, ìwọ ń sọ tàlejò, onílé wá ń kọ́? Ẹni tó ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, lójò lẹ́ẹ̀rùn, nígbà tí ẹgbẹ́ ń borí àti nígbà tí wọ́n ń jákulẹ̀, ó jókòó, ó san pọ́n-ùn 60. Ó wo òdìkejì, ó rí ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún tó san 30. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìrẹ́jẹ? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wo ẹ̀hónú yìí. Òótọ́ ni. Ó sì le jù fún ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà. Ẹni tó ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà, bí ó bá pín owó rẹ̀ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé 19, ní àwọn ẹgbẹ́ kan ohun tí yóò bọ́ sí kò jìnnà sí pọ́n-ùn 30 náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbẹ́ lójú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Manchester United kéde pé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó kù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní sáà náà yóò jẹ́ pọ́n-ùn 66 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹ̀dínwó fún ọmọdé tàbí arúgbó. Ọmọdé ilé wá ń san ju ìlọ́po méjì àgbàlagbà àlejò lọ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tó wà níbẹ̀ gan-an kí a tó sọ pé àlejò ló ń jẹ lára onílé. Ká mú pápá kan tó gba 60,000 ènìyàn. Àlejò 3,000 ló wà níbẹ̀, torí iye tí òfin Premier League sọ nìyẹn. Bí a bá fi pọ́n-ùn 30 kún owó àlejò kọ̀ọ̀kan kí ó lè di 60 bíi tonílé, pọ́n-ùn 90,000 ni a ó rí. Ẹ pín in fún onílé 57,000, kó dínwó tiwọn kù: kò tó pọ́n-ùn méjì ní orí kọ̀ọ̀kan. Ṣé pọ́n-ùn méjì yìí ni gbogbo ìjà? Nínú ọdún 2016 tí wọ́n fa ààlà yìí gan-an, owó tẹlifíṣọ̀n tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún àwọn ẹgbẹ́ Premier League, pọ́n-ùn bílíọ̀nù 5.136 fún sáà mẹ́ta nínú ilé nìkan, láìtíì ka ti òkè òkun. Ẹni tó bá sọ fún onílé pé torí àlejò ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi wọ́n, ó ń fi ọwọ́ bò ó lójú ni.

Àwọn onílé kan sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2015, Bayern Munich lọ bá Arsenal ní Champions League, tíkẹ́ẹ̀tì àlejò sì jẹ́ pọ́n-ùn 64. Àwọn ará Jámánì náà ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n dé pápá, wọn kò sì wọlé jókòó. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, igun wọn ṣófo gbáú, báńnà kan ló wà níbẹ̀ tó ń sọ pé bọ́ọ̀lù láìsí alátìlẹ́yìn kò tó kọ́bọ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọlé níkẹyìn, kí ni àwọn onílé ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwọn tó yẹ kó máa hó lé wọn lórí ló pàtẹ́wọ́ fún wọn, nítorí pé àwọn náà mọ iye tí wọ́n san wọlé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kan Liverpool. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n jù ní sáà tó ń bọ̀ yóò di pọ́n-ùn 77. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2016, tí Liverpool ti fi góòlù méjì sí òdo síwájú Sunderland, bí aago ṣe lu ìṣẹ́jú 77, ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílé dìde, wọ́n jáde ní Anfield. Sunderland dá góòlù méjèèjì padà kí eré tó parí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn oníǹkan fi tọrọ àforíjì, wọ́n sì dá iye owó dúró. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ kíyè sí i pé oṣù tó tẹ̀ lé e ni ààlà pọ́n-ùn 30 jáde fún àlejò. Afẹ́fẹ́ tí onílé dá sílẹ̀ ló fẹ́ ilẹ̀kùn yẹn sí. Nítorí náà, tí onílé bá ń bínú pé tirẹ̀ pọ̀ jù, mo wà lẹ́yìn rẹ̀, kí a fa ààlà fún òun náà. Kí a má kàn sọ pé nítorí pé wọ́n ń rẹ́ ẹnì kan jẹ, kí a rẹ́ ẹnì kejì jẹ láti fi tù ú nínú.

Kókó mìíràn tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ti ẹ̀san. Nínú líìgì, gbogbo onílé ni àlejò lọ́jọ́ mìíràn. Bí o bá ṣe mí ní oṣù kẹsàn-án, màá ṣe ọ́ ní oṣù kẹta. Àwọn kan wá rò pé ìyẹn nìkan tó láti mú kí onílé ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, Sevilla ní Sípéènì ní pọ́n-ùn 89 ni àwọn ará Manchester United yóò san ní Champions League. Kí ni United ṣe? Wọ́n ní pọ́n-ùn 89 náà ni àwọn ará Sevilla yóò san bí wọ́n bá dé Old Trafford, wọ́n sì fi èlé tó jáde níbẹ̀ bá àwọn ènìyàn tiwọn san pọ́n-ùn 35 nínú owó Sípéènì. Ní ọdún 2019, Barcelona pe pọ́n-ùn 102. United náà pe 102 fún àwọn ará Barcelona. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yin United. Èmi náà lóye rẹ̀: ẹgbẹ́ tó gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ló san owó náà ní tòótọ́? Alátìlẹ́yìn Sevilla, tí kò sí níbi tí wọ́n ti pinnu pọ́n-ùn 89, tí ó ṣeé ṣe kó máa bú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, òun ló sanwó ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ dá. Ẹgbẹ́ méjì ń bára wọn jà, àpò àwọn tí kò jà ni wọ́n fi ń jà á.

Ẹni tó parí ìjà náà ni UEFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Láti sáà 2019 sí 2020, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì àlejò nínú Champions League kò gbọ́dọ̀ kọjá Yúrò 70, ti Europa League sì jẹ́ 45. Wọ́n tún sọ ti Champions League kalẹ̀ lẹ́yìn náà: 60 ní sáà 2024 sí 2025, 50 ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ìjà tó gba ẹgbẹ́ ńlá méjì ní ìwé ìkéde lóríṣiríṣi, gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ju àwọn méjèèjì lọ ló parí rẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹnì kan lè bi mí pé báwo ni ti àwọn àlejò tí kì í jókòó sígun àlejò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2022, Eintracht Frankfurt lọ bá Barcelona ní Camp Nou nínú Europa League. Tíkẹ́ẹ̀tì bíi 5,000 ni ìpín wọn. Àwọn ará Jámánì tó wọ pápá tó nǹkan bí 30,000. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì onílé lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un tà, gbogbo ibi tí ojú rí funfun pẹ̀lú aṣọ Frankfurt, Barcelona sì fìdí rẹmi pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí méjì nínú ilé ara rẹ̀. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà sọ pé ojú ti òun. Ojú yẹ kó tì wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlejò ló jí pápá náà gbà. Onílé ló tà á. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn eré bíi NFL àti baseball tí wọn kì í ya igun sọ́tọ̀ fún àlejò, ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ kan gbà ni láti wo àdírẹ́sì ẹni tó ń ra. Washington Nationals ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2012 kí àwọn ará Philadelphia má baà gba pápá wọn kan. Seattle Seahawks ṣe é ní oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n yọ California kúrò nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n lè tà fún nítorí San Francisco 49ers, ẹnì kan sì tìtorí rẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù. Lójú tèmi, igun kékeré tó ní ìpín rẹ̀ àti ààlà owó rẹ̀ dára ju pápá tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn àyàfi ẹni tó ń gbé níbi tí kò yẹ. Ó kéré tán, ẹni tó wà ní igun mọ̀ pé àyè wà fún òun.

Ti Argentina, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2013, lẹ́yìn tí alátìlẹ́yìn kan kú ní La Plata, wọ́n sé ilẹ̀kùn mọ́ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú líìgì wọn. Kò sí ìjà lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì àlejò níbẹ̀ mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ti ń kọrin á mọ ohun tó sọnù. Wọ́n máa ń ní ẹni à ń wò kì í wòran. Àlejò inú pápá ni mo mọ̀ tó ń ṣe méjèèjì: ó sanwó wá wòran, òun náà sì wà lára ìran tí onílé sanwó láti wò, tí tẹlifíṣọ̀n sì ń tà fún gbogbo ayé. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí ó san ju onílé lọ.

Mo wá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi gúnlẹ̀ síbi ẹ̀kẹta tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹni tó yẹ kó ní agbára láti fa ààlà. Ní gbogbo ibi tí àwọn alátìlẹ́yìn ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹgbẹ́ máa gbọ́ tẹnu wọn kí ó tó fowó lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di òfin ní ọdún 2025: òfin ìṣàkóso bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún náà dá alámòójútó kan sílẹ̀ tó dá dúró, ó sì ní kí ẹgbẹ́ máa bá àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ jíròrò, ọ̀rọ̀ iye tíkẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀. Ó dára, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ bá jíròrò: àwọn alátìlẹ́yìn ti ara rẹ̀. Àlejò kò ní àga ní ìpàdé yẹn. Kò lè ní. Kò sí ẹgbẹ́ tí yóò pe àwọn ará ẹgbẹ́ tí yóò bá a figagbága wá síbi tí yóò ti pinnu owó tirẹ̀. Bí onílé bá sì jókòó ìpàdé náà, tí ẹgbẹ́ bá ní kí wọ́n yàn bóyá kí owó tiwọn lọ sókè tàbí kí tàlejò lọ sókè, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọwọ́ wọn yóò nà sí.

Nítorí náà, ẹni tí kò lè jókòó níbi ìpàdé onílé gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn tí yóò sọ̀rọ̀ fún un, ẹni yẹn sì ni líìgì tàbí àjọ tó ń ṣètò ìdíje náà. FIFA kọ́ èyí ní kánjúkánjú ní oṣù kejìlá ọdún 2025, nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé 2026 jáde tí ariwo sì ta: láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbé tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 60 kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tó ń tẹ̀ lé orílẹ̀-èdè wọn lọ, títí kan ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá. Iye rẹ̀ kò pọ̀, ìpín kékeré ni nínú ìjókòó tó wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé e kalẹ̀ ni ọwọ́ tó yẹ. Ní ti pọ́n-ùn 30 Premier League, ó ti wà láti ọdún 2016 láìyí padà nígbà tí gbogbo nǹkan mìíràn ń gòkè, ó sì dájú pé àwọn ẹgbẹ́ kan yóò fẹ́ kí wọ́n dá a padà fún àwọn lọ́jọ́ kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa pinnu fúnra rẹ̀. Bí ó bá gba pé kí iye náà gòkè díẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ pinnu rẹ̀ ní líìgì, kí àjọ àwọn alátìlẹ́yìn gbogbogbòò wà níbẹ̀, kí ẹ̀dínwó ọmọdé àti arúgbó sì jẹ́ ti àlejò bí ó ti jẹ́ tonílé. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni kí ó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni pápá.

Alága, mo dúpẹ́ fún àyè yìí. Mo ti ṣetán láti gba ìbéèrè.